Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kò ríran, èkejì kò gbọ́ràn: báwo ni kí n ṣe tún ẹ̀kọ́ orí ayélujára mi ṣe?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kó iṣẹ́ mi sórí ayélujára díẹ̀díẹ̀: fídíò, sláìdì, ìwé PDF, àti ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà ń máàkì fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógójì ló wà níbẹ̀ báyìí, òru ni mo sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní sáà yìí, ọmọ méjì dé kíláàsì mi tí mi ò kọ́ irú wọn rí: ọmọbìnrin kan tí kò ríran rárá, àti ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó ti ọmọbìnrin yẹn, mo ní kó yọ ohun tó kì bọ etí kí èmi náà lè gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń kà fún un. Ó ṣí ẹ̀kọ́ lórí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nìyí: "Àwòrán. Àwòrán. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Àwòrán." Ó tán. Ojú ewé mọ́kàndínlógún! Mo bi í bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní, "Rárá, mà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ló máa ń kà á sí mi létí tó bá ráyè."

Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ yìí ti wà lọ́dọ̀ mi, kò sì fi ẹjọ́ sùn, torí ó ti gbà pé bó ṣe máa ń rí fún irú òun nìyẹn.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ojú-Inú

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi náà kò ríran, kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ ni mo sì fi kàwé títí mo fi gboyè. Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó tì í kí ẹ tó bi wá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Screen reader, ìyẹn ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, lẹ́tà ló ń kà. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ya ìwé ní fọ́tò, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan míì lórí ìwé náà ju ọ̀rọ̀ lọ, àwòrán ló máa pè é. Ẹ dán èyí wò: ẹ ṣí PDF yẹn, kí ẹ fi máósì mú ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré. Bó bá ṣe é mú, ìwé gidi ni. Bí kò bá ṣe é mú, fọ́tò lẹ fi ránṣẹ́. Ẹ padà sí fáìlì Word tí ẹ ti kọ ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe. Bí fáìlì yẹn kò bá sí mọ́, ẹ lo ètò OCR tó ń sọ fọ́tò di lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ojú yín ka ohun tó bá mú jáde, torí ó máa ń ka "l" sí "1", ó sì máa ń gbé àmì ohùn jù sọnù.

Ó tún kan àkọlé. Bí ẹ bá kàn fi lẹ́tà ńlá tó dúdú kirikiri kọ ọ́, ẹni tó ríran á mọ̀ pé àkọlé ni, àwa ò ní mọ̀. Heading 1 àti Heading 2 tó wà nínú Word ni kí ẹ lò. Lójú ewé ayélujára, bí mo bá tẹ lẹ́tà H nínú NVDA, ìyẹn screen reader tí mò ń lò, mo ti fò dé àkọlé tó kàn nìyẹn. Bí mo bá tẹ K, líǹkì tó kàn. Ojú lẹ̀yin fi ń wá ibi tí ẹ fẹ́ kà, ìka la fi ń wá tiwa. Ẹ wá wo líǹkì mẹ́jọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ "Tẹ ibí". Ohun tí mò ń gbọ́ ni "Tẹ ibí, Tẹ ibí, Tẹ ibí", mi ò sì mọ èwo ló ń lọ síbo. Ẹ kọ ibi tí líǹkì náà ń lọ: "Fídíò lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká."

Àpèjúwe àwòrán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ mọ́ àwòrán kí ètò náà lè kà á, ló gba làákàyè jù. Ẹ má kọ "àwòrán ọkàn". Kọ̀ǹpútà ti sọ pé àwòrán ni. Ẹ bi ara yín pé: bí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan lórí fóònù, kí ni màá sọ? Bí àpẹẹrẹ: "Ọkàn tí a là láàárín. Yàrá mẹ́rin ló ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ara bọ̀ ń wọ yàrá òkè apá ọ̀tún, ó ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ti ń gba ẹ̀dọ̀fóró lọ." Bó bá wá jẹ́ pé inú ìdánwò ni àwòrán yẹn wà, tí ìbéèrè sì ní kí wọ́n dárúkọ yàrá tí ọfà ń nà sí, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú àpèjúwe. Ẹ sọ ibi tí ọfà dé, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀. Àwòrán òdòdó tí ẹ fi ṣe ìwé lẹ́ṣọ̀ọ́, ẹ sàmì sí i pé ọ̀ṣọ́ ni, kí ètò náà lè fò ó kọjá.

Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, James Teh dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ò sì ríran. Ti fóònù náà wà: VoiceOver ti wà lórí iPhone láti ọdún 2009, TalkBack ló wà lórí Android. Ẹ tan ọ̀kan nínú wọn, ẹ di ojú, kí ẹ sì gbìyànjú láti ka ẹ̀kọ́ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn ò ní jẹ́ kí ẹ mọ bí ayé ṣe rí fún wa, ṣùgbọ́n ẹ máa bá àṣìṣe tó pọ̀ pàdé.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Mo ti fi máósì dán an wò. Nínú mẹ́rìnlélógójì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ fọ́tò. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Akọ́mọlédè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé kò ní rọrùn kí olùkọ́ wa ṣe ìwé ọ̀tọ̀ fún ọmọ yẹn, ìwé ọ̀rọ̀ lásán, kó sì fi ti àwọn yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ojú-Inú

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyà yẹn ti jẹ mí rí. Nígbà tí mo wà níléèwé, wọ́n ń ṣe ìwé tèmi lọ́tọ̀. Olùkọ́ á ṣe àtúnṣe sí ti àwọn yòókù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tèmi á ṣì wà bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti jókòó sí ìdánwò tí ìbéèrè kẹrin rẹ̀ jáde láti inú ojú ewé tí kò dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ìwé kan náà tí gbogbo kíláàsì ń lò ni kí wọ́n ṣe dáadáa. Ọmọ tó ríran náà á jàǹfààní nínú àkọlé tó tò dáadáa.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká sá fún fọ́ǹtì àtijọ́ tó jẹ́ pé lẹ́tà mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ríran á rí "ọ̀", ohun tí kọ̀ǹpútà á kà fún mi lè jẹ́ àmì owó tàbí àmì ìyanu. Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ fi kọ ọ́. Kí ẹ sì sọ fún ètò náà pé Yorùbá ni èdè ìwé yẹn; lójú ewé ayélujára, lang="yo" ni wọ́n ń kọ.

Ọwọ́-Ń-Fọhùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin yẹn, torí ó dà bí ẹni pé a ti gbàgbé rẹ̀. Adití ni mí láti kékeré. Èdè àwọn adití ni mo fi ń ronú, Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ojú ìwé ni mo ti kọ́ ọ.

Gbogbo fídíò ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ lè kọ́kọ́ kọ ọ́ fún yín, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tún un ṣe kí ẹ tó gbé e jáde. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an ni ẹ̀rọ yẹn máa ń bàjẹ́ jù, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ò tíì mọ̀ rí sì nìyẹn. Ọmọ tó ń gbọ́ràn á gbọ́ ọ bó ṣe yẹ, á mọ̀ pé èyí tí wọ́n kọ kò tọ̀nà. Ọmọ adití ò ní nǹkan míì tó lè fi wéra. Èyí tó ṣì yẹn ló máa kọ sílẹ̀ nínú ìdánwò. Bí agogo bá dún nínú fídíò tí ẹ sì yíjú pa dà, ẹ kọ ọ́ pé agogo dún. Bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ ẹni tó ń sọ ọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, mà, kì í sábà wá sọ́kàn ẹni tó ń gbọ́ràn. Ojú méjì péré la ní. Bí ẹ bá ní "ẹ wo àwòrán yìí" tí ẹ sì ń ṣàlàyé lọ láìdúró, yálà kí n wo àwòrán tàbí kí n wo ògbufọ̀ tó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ tàbí kí n ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Mi ò lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé àwòrán síta, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ ká wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ kíláàsì orí fídíò, kí iná wà níwájú yín, kó má wà lẹ́yìn, torí bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn yín, òjìji dúdú lásán la máa rí. Ẹ má kọjú sí pátákó kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ni kó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá wà, ẹ fi sláìdì ránṣẹ́ sí i ṣáájú. Kí ẹ sì bi ọmọ náà ní èdè adití tó mọ̀, torí ó lé ní 300 irú èdè bẹ́ẹ̀ tó wà láyé. Àwọn adití kan wà tí wọn ò mọ̀ ọ́n rárá, ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọ́n fẹ́.

Onímọ̀-Ètò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò fún àwọn iléèwé, ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀rọ kún un. Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé kí ohun orí ayélujára lè ṣe é lò fún àwọn aláàbọ̀ ara náà, WCAG ni wọ́n ń pè é. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1999, ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ó gùn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Èyí tó kan olùkọ́ kò pọ̀.

Ẹ yọ máósì kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi kíbọọ̀dù nìkan ṣe ìdánwò tí ẹ fún àwọn ọmọ. Ẹ máa tẹ Tab. Ṣé ẹ ń rí ibi tí ẹ wà? Ṣé ẹ lè dé bọ́tìnnì "Fi ránṣẹ́"? Ìbéèrè tó ní kí ọmọ wọ́ ọ̀rọ̀ láti apá kan lọ sí apá kejì ló máa ń há jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ò lè wọ́ ọ. WCAG 2.2 ní ọ̀nà míì gbọ́dọ̀ wà, bíi kó kàn tẹ èyí, kó sì tẹ ibi tó fẹ́ gbé e sí.

Ti àwọ̀: ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 bí lẹ́tà bá tóbi. Ètò ọ̀fẹ́ wà tó ń wọ̀n ọ́n. Àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lórí funfun tí gbogbo ayé fẹ́ràn yẹn kì í sábà yege. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní "èyí tó pupa ni ẹ kùnà, èyí tó ní àwọ̀ ewé ni ẹ gbà", ọmọ tí ojú rẹ̀ kì í ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ò ní mọ èwo nìwo. Ẹ kọ "Ó tọ̀nà" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó lè dá wárápá sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ètò tó ń yẹ ìwé wò tó sì ń fún un ní máàkì. Ó wúlò, mo máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó kàn lè mọ̀ pé àpèjúwe wà lára àwòrán ni, kò mọ̀ bóyá àpèjúwe náà tọ́. Mo ti rí ẹ̀kọ́ tó gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ pé "IMG_0432" ni wọ́n kọ sí gbogbo àwòrán rẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ dákun, kí èmi náà sọ tèmi. Ọmọ mi ń ríran, ó sì ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n bó bá ń kàwé, lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ ọn lójú. Dyslexia ni wọ́n pè é. Ó lóye, ẹ bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, á dáhùn kí ẹ tó parí rẹ̀.

Iléèwé rẹ̀ gbé ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi aago sí i: ìbéèrè kan, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlélógún. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mò ń rí bó ṣe fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó pa dà sẹ́yìn, ó ka ìlà kejì, ojú ewé náà yí. Ó ka ti èkejì, ó yí. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù, ó kàn ń wò ó bó ṣe ń yí lọ. Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn ò lè yí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìmọ̀ ni ẹ fẹ́ wọ̀n ni àbí eré sísá? Bó bá jẹ́ ìmọ̀, ẹ yọ aago yẹn.

Onímọ̀-Ètò

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mo bá yín dùn ún. Kí ẹ pa dà lọ bá wọn. Ètò ẹ̀kọ́ orí ayélujára bíi Moodle ní ibi tí olùkọ́ ti lè fún ọmọ kan ní àkókò tirẹ̀ láìfọwọ́ kan ti àwọn yòókù, ó sì lè pa aago náà pátápátá. Ọ̀pọ̀ ètò míì náà ní in. WCAG pàápàá sọ ọ́: níbi tí aago kò bá ti pọn dandan, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ lè pa á, tàbí kó lè fà á gùn dé ìlọ́po mẹ́wàá, tàbí kí wọ́n kìlọ̀ fún un kí àkókò tó tán kó lè fi kún un.

Fún irú ọmọ yín, kí wọ́n jẹ́ kí ìlà jìnnà síra, kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọwọ́ òsì kó má ṣe gún régé lápá ọ̀tún, kí ìpínrọ̀ kúrú. Ètò tó ń kàwé sókè lè wúlò fún òun náà.

Olùtọ́jú Ìwé

Mà, ẹ tún lè rí ìwé gbà fún un. Ní Marrakesh lórílẹ̀-èdè Mòrókò, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn kan tó jẹ́ kí ilé ìkàwé àti àwọn àjọ tó yẹ lè ṣe ẹ̀dà ìwé tí ẹni tí kò ríran lè kà, láìjẹ́ pé wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ olùtẹ̀wé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Kì í ṣe aláìríran nìkan ló wà fún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lójú rẹ̀ bíi ti ọmọ yín wà nínú rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè ṣí ìwé náà wà níbẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè yín bá ti bọ́ sínú àdéhùn náà, ẹ bi ilé ìkàwé iléèwé. Bí wọ́n bá ní irú fáìlì wo lẹ fẹ́, ẹ ní EPUB, ìyẹn fáìlì ìwé orí ẹ̀rọ. Bí èèyàn bá mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ á tún ara rẹ̀ tò. PDF á kàn sá kúrò lójú ẹ̀rọ ni.

Olùkọ́ Ìṣirò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ti ìṣirò ni tèmi, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà á nílò rẹ̀. Ẹ má lẹ ìdọ́gba mọ́ ìwé bí àwòrán. Ẹ fi ohun èlò ìdọ́gba tó wà nínú Word kọ ọ́, tàbí MathML, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń kọ ìṣirò lójú ewé ayélujára, kí ètò tó ń kà lè mọ ohun tó wà lókè àti ohun tó wà nísàlẹ̀.

Kódà bí ẹ bá ń fi ẹnu sọ ọ́ nínú fídíò, ẹ kíyè sí i. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran, mo sọ pé "a lórí b ròpọ̀ c", ó ṣe é, ó kùnà. Mo wo iṣẹ́ rẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé kí òun fi b pín a, kí òun wá ro c mọ́ ọn. Ohun tí mo kọ sí pátákó ni pé kí a ro b àti c pọ̀, kí a tó fi wọ́n pín a. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìgbà yẹn, "a lórí gbogbo b ròpọ̀ c" ni mo máa ń sọ, mo sì máa ń dúró díẹ̀ níbi tó yẹ.

Fún gíráàfù, mo máa ń lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ páálí kó fi ìka tọ̀ ọ́. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ní kí n wá jábọ̀. Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kọ́ kìíní. Èyí tí a máa kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń tún ṣe, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, mo sì ń padà sí ti ẹ̀yìn bí àyè bá ṣe yọ. Márùn-ún ti parí.

Mo kọ àpèjúwe ọkàn bí Ojú-Inú ṣe sọ ọ́. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé, "Mà, apá ọ̀tún ta ni? Ti ẹni tó ń wo àwòrán ni, àbí ti ẹni tó ni ọkàn?" Mo dákẹ́. Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ya ọkàn, bíi pé ẹni tó ni ín kọjú sí wa ni, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì ìwé. Mo bi àwọn yòókù tí wọ́n ti ń wo àwòrán yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mọ́kànlá nínú wọn ló ti ń kọ ọ́ sódì. Mo ti fi gbólóhùn kan kún àpèjúwe náà, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kí gbogbo wọn lè rí i.

Ọmọkùnrin yẹn kò sọ nǹkan púpọ̀. Ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé kí n dákẹ́ pẹ́ ju bí mo ṣe ń ṣe lọ, pé òun kì í tíì wo àwòrán tán.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo ní fídíò àyẹ̀wò ayodíìnì lórí sítáàṣì. Mi ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rárá, orin ló ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ojú-Inú

Ẹ tún un gbà sílẹ̀, mà, kí ẹ máa sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe é: "Mò ń kán ayodíìnì sí i, ẹ̀kán mẹ́ta. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú tẹ́lẹ̀, ó ti ń dúdú, ó ti di búlúù tó dúdú kirikiri." Orin yẹn, ẹ yọ ọ́, yóò bo ohùn yín mọ́lẹ̀.

Ọwọ́-Ń-Fọhùn

Kí ẹ má sì fi ọwọ́ dí ìgò náà lójú kámẹ́rà nígbà tó bá ń yí àwọ̀.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ ṣé o. Lọ́jọ́ Sátidé ni màá tún un gbà sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ní òun á wá jókòó tì mí, kí òun lè sọ ibi tí kò bá yé òun.